Ta ló kọ́kọ́ ní kí prọ́sẹ́sọ̀ má sùn?

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) léèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń pa C1E, EIST àti C6, àwọn ètò tó ń jẹ́ kí prọ́sẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sùn tàbí dẹwọ́ bí kò bá níṣẹ́, nínú BIOS, ibi tí a ti ń yí ètò ẹ̀rọ padà, kí wọ́n tó lé prọ́sẹ́sọ̀ wọn kọjá ìwọ̀n eré tí wọ́n ṣe é fún, èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́: kó lè yá sí i ni. Wọ́n á ní àwọn tó ń du ipò kìn-ín-ní nínú eré prọ́sẹ́sọ̀ ló dá a sílẹ̀ nígbà tí Core i7 ti Intel jáde ní 2008. N kò gbà. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà Ouando, ohun tí ọwọ́ mi bà sì ti fi yé mi pé ẹ̀rù ló bí àṣà yìí: ẹ̀rù pé ohun tó sùn lè má jí.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní 1978 tí Intel gbé prọ́sẹ́sọ̀ 8086 jáde, àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HLT. Ohun tó ń sọ fún prọ́sẹ́sọ̀ ni pé, dúró ná, títí nǹkan yóò fi kàn ọ́ lára. Lójú tèmi, ẹni tó fi àṣẹ yìí síbẹ̀ kò ro ti iná rárá. Ẹni tó jókòó de kíbọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà lọ́kàn rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà de ẹni tó ń wọ bàtà. Ìdúró yẹn kò tíì di oorun. Bátìrì ló sọ ọ́ di oorun, nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé. Intel ṣe 386SL fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1990, òun àti Microsoft gbé APM, ìlànà ìṣọ́ iná lò, jáde ní 1992, nígbà tí prọ́sẹ́sọ̀ 486 DX4 sì fi máa dé ní 1994, HLT ti ń dín iná kù ní ti gidi.

Ibí ni ẹ̀rí mi wà. Àwọn tó ṣe Windows 95 fẹ́ kó máa pàṣẹ HLT nígbàkígbà tí prọ́sẹ́sọ̀ kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gba àṣẹ yẹn báyìí, ó parí: ojú ẹ̀rọ á dúró gbagidi, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ ó tẹ̀ tó máa jí. Wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀, síbẹ̀ oorun prọ́sẹ́sọ̀ ni wọ́n pa, nítorí àìjí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni 2008.

Àwọn tó ń lé prọ́sẹ́sọ̀ nígbà yẹn gan-an, oorun ni wọ́n ń wá kiri. Nígbà tí Celeron 300A dé ní 1998, tí wọ́n ń lé e láti 300 MHz dé 450, wọ́n a máa gbé ètò bíi Rain àti CpuIdle sórí Windows, kí HLT tí Windows yọ lè padà wọlé, kí ẹ̀rọ wọn lè tutù. Tó bá jẹ́ eré ni baba àṣà yìí, báwo ni baba ṣe ń wá ohun tí ọmọ ń lé jáde?

Èdè wa tilẹ̀ lóye oorun yìí ju nọ́ńbà tí wọ́n fún un lọ. C1 ń tòògbé: aago inú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ti jí. C3 sùn: ó ti tú ohun tó wà nínú káàṣì rẹ̀, ibi ìfipamọ́ kékeré inú rẹ̀, dànù. C6 sùn àsùnwọra: ó kó ẹrù rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn, iná ara rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ọmọ Kétu ni ìyá mi, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló fi kọ́ mi ní ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ku ọ̀la. Onílù lè tòògbé láàárín orin méjì, kò sẹ́ni tó máa bá a wí, torí bí Ẹ̀fẹ̀ bá ti lanu, ọwọ́ onílù á bá a. Èyí tó bá sùn àsùnwọra, wọ́n á gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ní Cool'n'Quiet, ètò tó ń dín eré prọ́sẹ́sọ̀ kù bí iṣẹ́ bá dín, tí AMD, abánidíje Intel, fi sínú Athlon 64 ní 2003 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. SpeedStep, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Intel, ti ṣáájú rẹ̀ ní 2000. Ní ti Core i7 tí wọ́n ń pariwo, Turbo Boost inú rẹ̀, tó ń fi kún eré rẹ̀, fúnra rẹ̀ kì í gbé ẹ̀ka kan nínú prọ́sẹ́sọ̀ náà dé òkè pátápátá àyàfi bí àwọn yòókù bá wà nínú C3 tàbí C6. Ẹni tó bá pa oorun, ó ti gé eré yẹn kù.

Ní 2013, ọ̀rọ̀ náà kan àpótí tó ń pín iná. Haswell, prọ́sẹ́sọ̀ tí Intel gbé jáde lọ́dún náà, lè sùn débi pé ohun tó ń fà lórí okùn 12 fólítì kò ju 0.05 ampere lọ, àwọn àpótí àtijọ́ tí kò mọ irú ìfà bíńtín bẹ́ẹ̀ a sì máa pa ara wọn. Irú àpótí yẹn pọ̀ nínú àlòkù tó ń gba èbúté Kutọnu wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwa oníṣẹ́ Àjàṣẹ́ fi máa ń pa C6 kí ọwọ́ wa tó kan ohunkóhun mìíràn, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lé pàápàá. Ryzen ti AMD tún ní irú ìṣòro tirẹ̀ ní 2017, wọ́n sì fi Typical Current Idle, ètò tí kì í jẹ́ kí ìfà iná rẹ̀ kéré jù, sínú BIOS nítorí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà tó ní prọ́sẹ́sọ̀ i5-2500K wá bá mi. 3.3 GHz ni wọ́n ṣe é fún, òun ti lé e dé 4.5.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Mo gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta, kò ṣe nǹkan kan. Mo dìde lọ jẹ ẹ̀kọ, kí n tó dé, ó ti kú.”

“Ṣé ó gbóná ni?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó tutù bí omi inú àmù.”

Mo wọ BIOS. Ó ti bu díẹ̀ kúrò nínú fólítéèjì kí ooru lè dín. Bó bá ń gbá géèmù, iná pọ̀, ohun tó bù kò hàn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá tán, tí prọ́sẹ́sọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 1.6 GHz, tí fólítéèjì bá a sọ̀ kalẹ̀, ìyókù kò tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ mọ́. Mo pa C1E, EIST, C3 àti C6, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, fáànù rẹ̀ ṣì ń yí. Mo dá èyí tó bù nínú fólítéèjì padà, mo ṣí C1E àti EIST fún un, mo ṣí C3. C6 nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní pípa, torí n kò fọkàn tán àpótí iná rẹ̀.