Afẹ́fẹ́ ìdájí kọ́ ló mọ́ jù

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, àwọn tó fẹ́ràn eré sísá á ti bọ́ sójú títì ní Kàbà àti Lọ́kọ́jà. Àlàyé wọn ni pé afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mí sí ló wà níta nígbà náà. Òótọ́ ni pé ó tutù nini. Ṣùgbọ́n ohun tó tutù lè má mọ́. Nínú ìlú tí òkè yí ká, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí yẹn wà lára èyí tí afẹ́fẹ́ ń dọ̀tí jù.

Ti àsìkò òjò kò le. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti ìhà òkun, òjò ń fọ ojú ọ̀run, ìkùukùu sì ń bo ilẹ̀ lóru bí aṣọ ìbora, ooru kò ráyè sá lọ. Wàhálà wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yá afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ ló ń yá. Ilẹ̀ tó ti gbóná ló wá ń ṣe afẹ́fẹ́ bí ààrò ṣe ń ṣe ìdí ìkòkò. Ti ìsàlẹ̀ gbóná, ó gòkè. Ti òkè sọ̀kalẹ̀, òun náà lọ yáná, bí ẹ̀wà ṣe ń yípo nínú ìkòkò tó ń hó. Èéfín tó bá wà nílẹ̀ á bá wọn gòkè lọ. Bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń tutù sí i, nǹkan bí 6.5°C fún 1,000 mítà.

Lóru, iná ìdí ìkòkò kú. Ojú ọ̀run ọyẹ́ gbẹ, kò sí ìkùukùu, ilẹ̀ á sì tú ooru rẹ̀ dà sókè kíákíá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan páànù òrùlé ní ìdájí yóò mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó fara kan ilẹ̀ á tutù, á wúwo, á wá máa ṣàn bí omi láti ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí kòtò ibi tí ènìyàn kọ́ ilé sí. Lókè, afẹ́fẹ́ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru ti dorí kodò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò kò wá bá a mu mọ́, ẹ jẹ́ ká mú ìgò. Da omi sí i, da epo pupa lé e. Epo á léfòó, omi á dúró nísàlẹ̀, kò sì sí bí omi náà ṣe lè dédé gun orí epo. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni epo, afẹ́fẹ́ tútù ni omi, èéfín ni ìdọ̀tí inú omi, òkè sì ni ara ìgò. Ìgò Kàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ti Lọ́kọ́jà fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: Òkè Pàtí dúró gbagidi sẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù ráàyè yọ́ lọ sójú Odò Ọya.

Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí ló wá dà bí ọmọrí lórí ìlú, ojú sì lè rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo abà tí wọ́n ti ń dín gàárì láàárọ̀ ọyẹ́. Èéfín á yọ lára òrùlé, á gòkè ṣánṣán bí okùn. Nígbà tó bá dé ibì kan, kò ní ga ju igi ọ̀pẹ méjì tàbí mẹ́ta lọ, á dúró, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní lórí ilé gbogbo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ojú rí tó dá a dúró.

Oòrùn ló ń ṣí ọmọrí náà, nígbà tí ilẹ̀ bá tún gbóná. Àmọ́ eruku ọyẹ́, tí púpọ̀ rẹ̀ ń wá láti àfonífojì Bodélé ní Ṣáàdì, máa ń dí oòrùn lójú, ọmọrí á sì pẹ́ kó tó ṣí. Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi gbogbo ru eruku yìí. Àlejò ni eruku, gbogbo ilẹ̀ ló ń bà sí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti òkè. Èéfín tó há sáàárín òkè, àwa la dá a.

Ní Donora, ìlú kan ní àfonífojì odò ní Amẹ́ríkà, ọmọrí kọ̀ kò ṣí fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní oṣù kẹwàá 1948. Èéfín iléeṣẹ́ há síbẹ̀, 20 ènìyàn sì kú. Òjò ló wá gbà wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọrí yìí ti burú fún wa ni pé àwọn àgbẹ̀ máa ń gbọ́ pé kí wọ́n dáná sun oko nírọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, kí iná má ba à ré kọjá sí oko kajú ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn gidi ni, iná ọ̀sán ọyẹ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ náà ni ọmọrí ń padé. Pàǹtírí àdúgbò pẹ̀lú, ìrọ̀lẹ́ là ń sun ún, èyí sì kò ní àwáwí kankan. Èéfín tí a tú sílẹ̀ ní aago méje alẹ́ ló ń dúró de ẹni tó ń sáré ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó sì ń mí in kíkankíkan ju ẹni tó ṣì ń sùn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó kọ́kọ́ wo èéfín abà gàárì. Bó bá ṣì tẹ́ bí ẹní, kó padà sílé lọ mu ògì. Bó bá ń fọ́nká lọ sókè láìdúró, kó wọ bàtà.