Irun ti kú, awọ ara wà láàyè: bí ìdánwò ohun ìṣaralóge tuntun ṣe ń ṣiṣẹ́

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá gba inú ọjà Balógun já sí Ìdúmọ̀tà á rí wọn: àwọn obìnrin tó gbé àpò ọ̀rá dání, ṣáńpù wà níbẹ̀, kọndíṣọ́nà wà níbẹ̀, òróró oríṣi méjì, òrí tí wọ́n ti po lọ́fínńdà mọ́, fọndéṣọ̀n àti àtíkè. Nǹkan méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lò lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá di Ọjọ́rú, orí ń yún, nǹkan ti sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, irun ń já sórí ìrọ̀rí. Èwo nínú méje ló fà á? Ẹni tó rà á ò mọ̀, ẹni tó tà á náà ò mọ̀. Owó ti lọ, kò sì sí ohun tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀.

Irun àti awọ kì í gba nǹkan tuntun bákan náà. Irun tó ti yọ síta orí ti kú, bí èékánná ṣe kú. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò mọ ìrora, bó bá sì ṣẹ́, kò lè jinná. Awọ ní tirẹ̀ wà láàyè. Ó ń fèsì, ó ń bínú, ó sì máa ń rántí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi ń dán nǹkan wò lára irun yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń dán an wò lójú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi irun bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé irun àdáyébá aláwọ̀ dúdú kì í gùn. Irun ń hù. Nínú ihò rẹ̀ lábẹ́ awọ orí, ó ń hù tó bíi mílímítà 8 lóṣù, ìyẹn sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́dún. Irun kan ṣoṣo sì lè máa hù bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2 sí 6 kó tó sinmi, kó sì já bọ́. Ẹni tí irun rẹ̀ ti wà ní ọrùn láti ọdún mẹ́ta, irun náà kò dúró rárá: bó ṣe ń hù ní ìdí ló ń ṣẹ́ ní ṣóńṣó. Òróró amúrunhù tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré lówó gọbọi ń ta ojútùú fún ìṣòro tí ọ̀pọ̀ wa kò ní. Ohun tó yẹ ká máa bi gbogbo nǹkan tuntun ni pé: ṣé ó ń dín ìṣẹ́ irun kù?

Irun tó ká bíi sípíríńgì ń ṣẹ́ ju irun tó nà lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Ọ̀rá tí awọ orí ń pèsè máa ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ wálẹ̀ lára irun tó nà. Lára tiwa, kọ́nà pọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rá náà kì í dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ibi tí irun ti yípo sì jẹ́ ibi tó rọrùn láti ṣẹ́ nígbà tí òòyà bá kọ lù ú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé láti ṣóńṣó ni a ti ń ya irun lọ sí ìdí, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kọndíṣọ́nà ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ki òòyà bọ ìdí irun gbígbẹ, tó sì fà á wálẹ̀, ń kó gbogbo kókó jọ sójú kan ni.

Ara irun ní ìpẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, tó gun orí ara wọn, tí ẹnu wọn sì kọjú sí ṣóńṣó. Nígbà tí ìpẹ́ bá sùn, irun ń dán, kì í sì í lọ́ mọ́ ara wọn. Nígbà tó bá dìde, irun á le gbaragbara. Ọṣẹ dúdú, tí a fi eérú èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sè, ń gbé ìpẹ́ yìí dìde, torí omi eérú jẹ́ òdìkejì ohun tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń fọ ìdọ̀tí dáadáa, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ òun ló kẹ́yìn lórí irun. Kọndíṣọ́nà, tí wọ́n sábà máa ń ṣe kó kan díẹ̀, ló ń mú ìpẹ́ sùn padà. Èròjà inú rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí irun ti bàjẹ́ jù. Omi ilé náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, omi tó ń jáde látinú bọhóòlù ní irin nínú, èyí tó máa ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pípọ́n. Irin yẹn kì í dá irun sí. Bí ṣáńpù tuntun bá mú irun le, ẹ kọ́kọ́ fi omi òjò tàbí omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó dá ṣáńpù lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ òróró wá le díẹ̀. Òróró kì í fún irun ní omi. Omi ló ń rọ irun; iṣẹ́ òróró ni láti dènà kí omi náà má tètè fẹ́ lọ. Ẹni tó ń fi òróró sórí irun gbígbẹ lójoojúmọ́ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé òfìfo. Omi ni ká kọ́kọ́ fi rẹ irun, kí òróró tẹ̀ lé e.

Òróró pàápàá ò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró síta ìpẹ́, àmọ́ òróró àgbọn ń wọ inú irun lọ, nítorí èròjà ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní lauric acid ló kó bí ìdajì rẹ̀, èròjà yìí sì kéré tó láti ráyè kọjá. Bí a bá fi í sírun kí a tó fọ irun, ó ń dín ohun tí omi àti ọṣẹ ń gbà lọ lára irun kù. Àdín, tí wọ́n ń fún lára èkùrọ́, tí àwọn ìyá àgbà fi ń para ọmọ tuntun, ní lauric acid tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbọn. Nínú ìgò àlòkù ni wọ́n ń tà á ní Òyìngbò, kò sì sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ni ẹ̀sùn tó ní. Òrí ní tirẹ̀ ń dúró síta irun, ìwọ̀n ooru ara ènìyàn sì tó láti yọ́ ọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbo ó títí á fi yọ́, kí ẹ tó fi pa ṣóńṣó irun lẹ́yìn omi. Àdín kí a tó fọ̀ ọ́, òrí lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́: ẹni tó bá mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ ìgò mẹ́ta mẹ́rin.

Wàyí o, kí ló dé tí irun tó gùn dé èjìká láàárọ̀ ní Yábà fi ń ká dé etí kó tó dé CMS? Nínú irun, àwọn ìdè kéékèèké wà tó di ìrísí rẹ̀ mú. Omi ń tú wọn; bí irun bá ń gbẹ, wọ́n á tún ara wọn so ní ìrísí tí irun bá wà lásìkò náà. Atẹ́gùn Èkó kún fún omi, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, nítorí náà afẹ́fẹ́ lásán ń tú ìdè wọ̀nyí. Irun náà kò bàjẹ́, ó kàn padà sílé ni.

Ọgbọ́n tí irun kíkó dúró lé nìyẹn. Òwú tí a wé mọ́ irun tútù láti ìdí dé ṣóńṣó ń fa irun nà títí á fi gbẹ, ó sì gbẹ sí nínà, láìsí iná. Áyọ̀nù, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń na irun, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó lè jó inú irun, irun tó jó kò sì ní àtúnṣe ju gígé lọ. Ó dùn mọ́ni pé àwọn ọmọdébìnrin ti ń padà sí òwú. Ní 1968 ni ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà kó àwọn irun ilẹ̀ wa jọ, onílé gogoro wà lára wọn. Ohun tó wà nínú àwòrán yẹn jẹ́ ẹwà, ó sì jẹ́ ìtọ́jú irun pẹ̀lú.

Rìláàsà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdè tó lágbára, tí èròjà sọ́fọ̀ (sulphur) so, ló ń já, ìyẹn kì í sì í padà. Irun tuntun tó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ á ká bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí kíká ti pàdé nínà ló sì máa ń ṣẹ́ jù. Ẹni tó ń jáwọ́ nínú rìláàsà, tí kò fẹ́ gé e kúrò lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ yẹn ni kó máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ tọ́jú.

Lórí dídì, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn ń dáàbò bo irun bí wọn ò bá le jù. Irun tó mú kí èèyàn lo oògùn orí fífọ́ kó tó lè sùn ti le jù. Bí nǹkan wẹ́wẹ́ bá sú sí etí irun níwájú, ihò irun ló ń ké yẹn. Bí wọ́n bá ń fà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ihò náà á dí, ibẹ̀ á pá, kò sì ní hù mọ́. Ẹ sọ fún onídìrí kó tú u, kó tún un dì. Kò sí àrífín nínú ìyẹn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé nǹkan tuntun ń ṣe irun lóore? Ẹyọ kan ni kí a yí padà, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà, kí a sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ká wo irun tó jáde. Èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ láti ìdí ní kókó funfun kékeré lẹ́nu. Èyí tó ṣẹ́ kò ní, ó sì máa ń kúrú. Irun 50 sí 100 ló ń já bọ́ lórí èèyàn lóòjọ́ láìsí àìsàn kankan. Bí irun bá wà ní dídì fún oṣù kan, àwọn wọ̀nyí ò ríbi bọ́ sí. Lọ́jọ́ títú, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó ni ín sì figbe ta. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ ná. Bí kókó funfun bá pọ̀, kò séwu. Bí àwọn kúkurú tí kò ní kókó bá pọ̀, nǹkan tí a yí padà ń ṣe jàǹbá, tàbí òòyà ni.

Ojú wá ńkọ́? Awọ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àmọ́ kì í sì í fèsì lójú ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èròjà tí ara kò fẹ́ bá kàn án, ara lè dákẹ́ kó máa kọ́ bó ṣe rí. Ìgbà mìíràn tó bá tún padà wá, ara á dá a mọ̀, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á máa yún. Nítorí náà, «mo ti lò ó rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan» kò tó ẹ̀rí. Dáì dúdú tí wọ́n fi ń pa irun ni àpẹẹrẹ tó burú jù, pàápàá èyí tó ní PPD nínú, ìyẹn èròjà tó ń mú kí dáì dúdú. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ti ìpara ojú àti fọndéṣọ̀n, ibì kan náà ni kí ẹ máa fi sí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀ pẹ̀lú. Ìpara tó ń bó àwọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò yẹ kó kan ojú ẹnikẹ́ni.

Yíyan àwọ̀ fọndéṣọ̀n ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. House of Tara, ilé iṣẹ́ ìṣaralóge kan ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 1998, nígbà tí iṣẹ́ aṣaralóge ṣì jẹ́ tuntun nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Fenty Beauty, ilé iṣẹ́ ìṣaralóge ti olórin Rihanna, sì jáde ní 2017 pẹ̀lú àwọ̀ 40, gbogbo ayé rí i pé dúdú kì í ṣe oríṣi kan. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń fi dán an wò nínú ọjà, ẹ̀yìn ọwọ́ kì í sì í jọ ojú. Ẹ fi ìlà mẹ́ta, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kó kan ọrùn, kí ẹ jáde kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ọ̀rá ojú àti afẹ́fẹ́ máa ń mú kó dúdú sí i. Àwọ̀ kan tún wà tó fara pamọ́ sábẹ́ dúdú: ti ẹlòmíràn fà sí pupa, ti ẹlòmíràn fà sí yẹ́lò. Ìlà tó bá pòórá láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ pa á, òun ni. Èyí tó mú ojú rí bí eérú kò tọ́, kódà bí ó bá dúdú tó.

Tìróò nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n lọ̀ lára òkúta dúdú máa ń jẹ́ òjé. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan; tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sí i lójú, ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé, òjé inú rẹ̀ sì ju 80 nínú 100 lọ. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Pẹ́ńsù ojú tó ní nọ́ńbà NAFDAC ló yẹ àgbà, kò sì sí èyí tó yẹ ìkókó.

Ó ku àtíkè. Nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún omi, òógùn kì í tètè gbẹ, nítorí náà ipele tín-ín-rín méjì ń pẹ́ lójú ju ipele kan tó nípọn lọ. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ fa òógùn kúrò kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ má fi àtíkè bo òógùn mọ́lẹ̀. Àwọn àtíkè funfun kan tún wà tí kò hàn lójú dígí, àmọ́ tí wọ́n máa ń dá iná fíláàṣì padà, tí ojú á fi funfun bí ẹfun nínú fọ́tò òde àríyá. Ìdánwò rẹ̀ kò gbówó: lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde, ẹ lo àtíkè náà, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi fíláàṣì fóònù ya fọ́tò kan, kí gèlè tó gun orí.