Ibi tí driver àwòrán ti ń dojú dé nígbà tí wọ́n bá ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà

Mẹ́nù GRUB, ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí kọ̀ǹpútà máa gbé dìde, yọ dáadáa. Wọ́n tẹ Enter lórí "Try or Install Ubuntu", àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà yọ, àwọn ìlà kan sáré kọjá, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri. Nígbà mìíràn, fàlà kékeré kan á máa ṣẹ́jú ní igun òkè lápá òsì, kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù ń yí, iná kíbọọ̀dù ń tàn, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni kò fi nǹkan kan hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tún fíláàṣì kọ, wọ́n á tún gbìyànjú, yóò tún dúdú níbi tó ti dúdú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá gbà pé Linux ò bá ẹ̀rọ náà mu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Linux ti jí ní tiẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkùnkùn yẹn. Ẹni tó yẹ kó máa bá a yàwòrán, ìyẹn driver, sọ́fítíwìà tó ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, ló ṣubú.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà títí di ìgbà tí desktop bá yọ, ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń yàwòrán sójú rẹ̀. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ti UEFI, sọ́fítíwìà tó ń gbé inú mọ́dábọọ̀dù fúnra rẹ̀. UEFI á ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́mórì, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà yìí ò le rárá: kò mọ 3D, kò lè yí ìwọ̀n àwòrán padà, ṣùgbọ́n káàdì èyíkéyìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Òun ló ya àmì ilé iṣẹ́, òun náà ló ya mẹ́nù GRUB. Bí kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àyè yẹn náà ló ṣì ń kọ̀wé sí.

Lẹ́yìn èyí ni kernel á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tó so mọ́ PCI, ọ̀nà tí káàdì fi ń so mọ́ mọ́dábọọ̀dù, wò. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń fi ilé iṣẹ́ tó ṣe é hàn: 8086 ni ti Intel, 1002 ni ti AMD, 10de ni ti NVIDIA. Nọ́ńbà yìí ni kernel á fi pe driver tó mọ káàdì náà: i915 tàbí xe fún Intel, amdgpu tàbí radeon fún AMD, nouveau fún NVIDIA. Driver tí wọ́n pè á gba káàdì lọ́wọ́ UEFI, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un fúnra rẹ̀: ìwọ̀n àwòrán báyìí, ìgbà báyìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ihò báyìí ni kí o gbé e gbà jáde. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní kernel mode setting, KMS. Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà nínú kernel. Ti Intel dé pẹ̀lú Linux 2.6.29 ní ọdún 2009. Ṣáájú ìgbà yẹn, X, sọ́fítíwìà tó ń gbé desktop jáde, ló máa ń ṣe é láti ìta.

Ibi ìgbàṣẹ́ yìí ni gbogbo wàhálà wà. Driver tuntun ti ní kí ti àtijọ́ kúrò níbẹ̀. Bí òun náà bá wá kọsẹ̀, kò sí ẹni tó kù tó lè yàwòrán, kódà ọ̀rọ̀ tó máa sọ ohun tó bàjẹ́ ò ní rí ojú tó máa yọ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà àkọ́kọ́ fi máa ń hàn, tí òkùnkùn á sì wá ṣú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta. Ẹni tó bá rí mẹ́nù GRUB, tó sì rí ìlà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti mọ̀ pé káàdì kò kú, pé wáyà rẹ̀ dáa, pé fíláàṣì rẹ̀ ń kà. Ẹni tí kò rí GRUB rárá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀; kó lọ fi àṣẹ sha256sum wò bóyá fáìlì ISO, èyí tó kọ sórí fíláàṣì, tó wà jáde pé, kó tó fẹ̀sùn kan driver.

Bí ìgbàṣẹ́ bá ń bàjẹ́, ohun tó rọrùn jù ni pé kó má wáyé. Ní mẹ́nù GRUB, wọ́n á gbé àmì sórí ìlà tí wọ́n fẹ́, dípò Enter wọ́n á tẹ lẹ́tà e. Ìkọ̀wé bíi mélòó kan á ṣí. Èyí tí wọ́n ń wá ni ìlà tó fi "linux" bẹ̀rẹ̀. Lórí fíláàṣì Ubuntu tuntun, ó máa ń rí báyìí:

linux /casper/vmlinuz --- quiet splash

Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọ́n á sì yọ méjì kúrò:

linux /casper/vmlinuz nomodeset ---

Ctrl+X tàbí F10 ló máa ń mú kó tẹ̀ síwájú. Nomodeset ń sọ fún àwọn driver pé kí wọ́n má gba káàdì, kí ọwọ́ àkọ́kọ́ máa yà á lọ. Yíyọ quiet àti splash ń jẹ́ kí kernel máa sọ ohun tó ń ṣe síta dípò kó fi àwòrán ilé iṣẹ́ bò ó. Ìyípadà yìí ò kọ sórí nǹkan kan. Tí wọ́n bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ó ti lọ. Àwọn tó ń ṣe Linux mọ̀ pé èyí ń dààmú èèyàn, wọ́n ti fi sínú mẹ́nù: Ubuntu ní "safe graphics", Fedora ní ibì kan lábẹ́ "Troubleshooting" tí wọ́n ti lè fi àwòrán ṣákálá gbé e sórí ẹ̀rọ. Nomodeset kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí kò dáa ni ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ pé kí wọ́n lọ kọ nomodeset sínú /etc/default/grub, fáìlì ètò GRUB, kí ó máa wà níbẹ̀ títí. Àkàbà tí èèyàn fi gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí kọ́kọ́rọ́ sọnù ni. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́ ò tíì tún ilẹ̀kùn ṣe. CPU ló ń ya gbogbo nǹkan báyìí, fídíò á máa já, ojú kọ̀ǹpútà kejì ò ní tàn, ìmọ́lẹ̀ láptọ́ọ̀pù ò ní ṣeé dín kù.

Ọ̀nà kan wà tó mọ́ ju èyí lọ fún láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì méjì, ti Intel tàbí AMD tó wà nínú CPU àti ti NVIDIA tó dá dúró. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ojú láptọ́ọ̀pù so mọ́ káàdì inú CPU, NVIDIA kàn ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ni. Bí nomodeset bá dé, ó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá kọ modprobe.blacklist=nouveau dípò rẹ̀, nouveau nìkan ló máa jókòó, i915 tàbí amdgpu á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ kedere.

Kí ló dé tó fi jẹ́ nouveau lorúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù? Nouveau, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí "tuntun", wọ inú kernel pẹ̀lú 2.6.33 ní 2010. Àwọn tó kọ ọ́ ò gba ìwé àlàyé kankan lọ́wọ́ NVIDIA. Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ ohun tí driver ilé iṣẹ́ náà ń sọ fún káàdì, tí wọ́n sì ń fi ìyẹn mọ èdè rẹ̀. Láti ìran kejì àwọn káàdì tí wọ́n ń pè ní Maxwell ní 2014, káàdì NVIDIA kì í gba firmware tí kò ní ìbuwọ́lù ilé iṣẹ́ náà mọ́, ìyẹn kóòdù kékeré tí káàdì fúnra rẹ̀ ń lò nínú. Nouveau wá ń dúró de ohun tí NVIDIA bá fẹ́ fún un. Inú ti ń bí àwọn èèyàn gan-an kí ìyẹn tó dé. Ní 2012, ní Yunifásítì Aalto ní Finland, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, na ìka àárín sí kámẹ́rà, ó sì bú NVIDIA ní gbangba. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé iṣẹ́ náà gbé kóòdù module kernel tirẹ̀, apá driver tó ń wọ inú kernel, síta fún káàdì Turing àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ fíláàṣì ṣì ń fi nouveau jí. Tí káàdì bá tuntun ju ohun tí nouveau inú kernel yẹn mọ̀ lọ, wọ́n lè rí irú ìlà yìí:

nouveau 0000:01:00.0: DRM: failed to create kernel channel, -22

Nọ́ńbà ìparí yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. -22 ni kernel máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá fún un ní ohun tí kò bá a mu. -2 túmọ̀ sí pé fáìlì kan ò sí níbi tó yẹ kó wà, òun ni àwọn tó ní káàdì AMD sì máa ń bá pàdé: "Direct firmware load for amdgpu/…" á wà níwájú, "failed with error -2" á wà lẹ́yìn. Ti AMD rọrùn jù. Driver wà, ó mọṣẹ́, firmware ni kò bá a wá. Kernel tó tuntun jù tàbí package firmware tó tuntun jù ló máa ń yanjú rẹ̀. Debian, Linux mìíràn, tiẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún tó jẹ́ pé firmware tí kóòdù rẹ̀ ò sí ní gbangba kì í sí nínú ISO rẹ̀ gangan. Láti Debian 12 ní oṣù Kẹfà 2023 ni wọ́n ti fi í sínú rẹ̀. Intel kì í sábà fa irú èyí, àfi tí CPU bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí kernel sì ti dàgbà.

Láti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú, Ctrl+Alt+F3 ni wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò. Bí ibi ìwọlé tó jẹ́ ìkọ̀wé lásán bá yọ, driver kernel wà láàyè, desktop orí rẹ̀ ló ṣubú. Bí kò bá yọ, wọ́n á fi nomodeset wọlé. Lórí Linux tó ti wà lórí díìsì, àṣẹ journalctl -k -b -1 á ka ohun tí kernel sọ nígbà tó jí ṣáájú èyí. Lórí fíláàṣì, ọ̀nà yẹn ò ṣiṣẹ́: mẹ́mórì ni ìwé àkọsílẹ̀ wà, ó sì ti pa rẹ́ pẹ̀lú iná. Fọ́nù ni ọ̀rẹ́ ẹni níbẹ̀. Kí wọ́n ya fídíò àwọn ìlà tó ń sáré kọjá, kí wọ́n wá dá a dúró níbi tó ti kù díẹ̀ kó dúdú.

Tí wọ́n bá ti wọlé, ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni driver tó di káàdì mú. Àṣẹ lspci -k ló ń sọ ọ́:

01:00.0 VGA compatible controller: NVIDIA Corporation TU116 [GeForce GTX 1660] (rev a1)
Kernel driver in use: nouveau

Bí ìlà kejì ò bá sí rárá, kò sí driver kankan tó gbà á, ohun tí nomodeset fẹ́ gan-an nìyẹn.

Gbígbé e sórí díìsì lè parí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí òkùnkùn tún ṣú nígbà àkọ́kọ́ tó bá jí láti orí díìsì, nítorí nouveau ti padà. Wọ́n á tún tẹ lẹ́tà e ní GRUB, wọ́n á tún kọ nomodeset lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n lè wọlé lọ fi driver NVIDIA síbẹ̀. Lórí Ubuntu, sudo ubuntu-drivers install á mú èyí tó bá káàdì mu. Lórí Fedora, akmod-nvidia láti RPM Fusion, àkójọ package tó wà lẹ́yìn ti Fedora fúnra rẹ̀, ni, ibẹ̀ sì ni àìnísùúrù ti ń ṣe èèyàn: package náà á sọ pé òun ti parí, àmọ́ module ṣì ń kọ́ lábẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó bá tún kọ̀ǹpútà tàn kíákíá á bá òkùnkùn. Kí wọ́n tẹ modinfo -F version nvidia títí nọ́ńbà á fi jáde kí wọ́n tó tún un tàn. Fáìlì .run tí wọ́n ń gbà tààrà lórí ìkànnì NVIDIA, kó má wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń kọ lé orí fáìlì tí package ti gbé síbẹ̀, ìgbà míì tí package bá sì tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn méjèèjì á máa já ara wọn.

Secure Boot, ètò ààbò inú UEFI, ni ìkọsẹ̀ tó kẹ́yìn tó wọ́pọ̀. Bó bá wà ní títàn, kernel kì í gba module tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀. Bí wọ́n bá tẹ sudo modprobe nvidia, "Key was rejected by service" ni ìdáhùn rẹ̀. Lórí Ubuntu, nígbà tí wọ́n bá ń fi driver síbẹ̀, ó lè ní kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ aṣínà kan. Tí kọ̀ǹpútà bá tún jí, ojú búlúù kan á yọ kí Linux tó dé, kì í sì í dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àṣìṣe ni, wọ́n á yan "Continue boot", kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù ò wá ní wọlé. "Enroll MOK", ìyẹn pé kí kọ́kọ́rọ́ náà wọlé, ni kí wọ́n yàn, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, kó wá tún jí.

Pé desktop yọ tó lẹ́wà ò tíì fi hàn pé káàdì ń ṣiṣẹ́. glxinfo -B á sọ orúkọ ẹni tó ń yàwòrán. Bó bá kọ llvmpipe, CPU ṣì ni. Bó bá kọ orúkọ káàdì, ó ti bọ́ sí i, títí di ọjọ́ tí kernel tuntun bá wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún module NVIDIA kọ́ fún kernel kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo DKMS, òun ló ń ṣe é, àmọ́ kò lè kọ́ ọ bí headers kernel yẹn, àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń kọ́ module, ò bá sí níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òkùnkùn bá tún ṣú bẹ́ẹ̀, kernel àná ṣì wà ní "Advanced options" nínú mẹ́nù GRUB. Kí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì tẹ dkms status.