Kant Kò Bá Ẹnikẹ́ni Mú Àjẹ́

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò ni mo ń bá a pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé Kant, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì, ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò ní okùnfà, á wá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì àwọn ará Jámánì, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú. Lóòótọ́ ni Kant sọ ti àkọ́kọ́. Ti òwe yẹn, kò bá yín sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Hume, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Scotland, mọ ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan gbá èkejì lórí tábìlì: èyí lọ, ìyẹn tẹ̀ lé e. Agbára tó so wọ́n pọ̀ kò hàn sójú. Hume ní bó ṣe mọ́ wa lára la fi ń so wọ́n pọ̀. Kant fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1783 pé Hume ló jí òun lójú oorun. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé ńlá tó kọ ní ìlú Königsberg, tó jáde ní 1781.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rèé. Ẹ dúró síwájú ilé kan. Ẹ lè kọ́kọ́ wo òrùlé kí ojú yín tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìpìlẹ̀. Ẹ sì lè ti ìpìlẹ̀ gòkè. Òrùlé kò ṣáájú ìpìlẹ̀ nítorí pé òun lẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ wá wo ọkọ̀ tí odò ń gbé lọ. Ẹ rí i lókè odò, lẹ́yìn náà ẹ rí i nísàlẹ̀. Èyí kò ṣeé yí po. Òfin kan ló so ó mọ́lẹ̀: bí ti ìṣáájú bá wà, dandan ni kí ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Kant ní láìsí òfin yìí, a ò tilẹ̀ lè sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwòrán ni ì bá kàn máa kọjá lójú wa bí àlá.

Kant tún mẹ́nu ba ààrò tó ń mú yàrá gbóná: iná ààrò àti ooru yàrá wà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ààrò ni okùnfà. Nítorí náà "lẹ́yìn" nìkan kò tó. Okùnfà gbọ́dọ̀ wà, Kant fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Èwo ni? Ẹ lọ wádìí.

Àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lórí "agbára èrò", ẹ fi Kant sílẹ̀! Ẹ ní ó sọ pé ọkàn ló ń dá ayé, kí ènìyàn ṣáà ro owó, owó á dé. Irọ́ gbuu ni. Ọkàn ń to ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í dá a. Fichte pàápàá, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ìlú Jena ní 1794, tó gbé "Èmi", ìyẹn ọkàn tó mọ ara rẹ̀, ga ju Kant lọ, kò ta irú ọjà yìí.

Hegel, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì mìíràn, ní òjò ló mú ilẹ̀ tutù, omi kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Ohun tí kò sí nínú okùnfà kì í sí nínú àyọrísí rẹ̀. Mo máa ń rántí Ìyá Ẹlẹ́pà bí mo bá ń kọ́ni níbẹ̀.

Inú ilé tí mo háyà sí nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni wọ́n ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bu ẹ̀pà sísè fún ọmọ onílé, ọmọ ọdún 3. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti mú ọmọ. Kí ọmọ tó dé ilé ìwòsàn, àwọn ará ilé ti da ẹrù ìyá síta, wọ́n ń pariwo àjẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà ni. Kòkòrò ibà a sì máa lò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, nínú ara kí àìsàn tó hàn. Ọmọ náà ti ní in lára kí ẹ̀pà tó kan ètè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ó padà sílé, ara rẹ̀ ti yá. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ sáré lọ, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.