Ibi Tí Wọ́n Ń Kó Ìràwọ̀ Sí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Dátábéèsì Ojú Ọ̀run

Tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá ní àwọn ní "kátálọ́ọ̀gì" ojú ọ̀run, ṣé àwòrán ni wọ́n kó jọ?

Àwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kọ́ ni kátálọ́ọ̀gì. Kámẹ́rà á ya ojú ọ̀run tán, kọ̀ǹpútà á wá tú àwòrán náà wò fínnífínní. Gbogbo ohun tó bá tàn nínú rẹ̀ ni yóò mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó rí tín-ín-rín bí ìràwọ̀ tàbí ó fẹ̀ bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Ohun kọ̀ọ̀kan á gba ìlà kan nínú tábìlì. Tábìlì yẹn ni kátálọ́ọ̀gì, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń bá ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní tèmi o, òun gan-an ni irinṣẹ́. Awò-awọ̀nàjíjìn kàn ń bọ́ ọ ni.

Èyí tí màá fi ṣàlàyé ni Sloan Digital Sky Survey, SDSS ní ìkékúrú, nítorí pé òun ló la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ń tọ̀. Awò rẹ̀ wà ní Apache Point, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.5, ọdún 2000 sì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ya ojú ọ̀run tó fẹ̀ tó báyẹn?

Wọ́n jẹ́ kí ojú ọ̀run máa ṣàn kọjá níwájú kámẹ́rà, kámẹ́rà sì ń ka ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń kọjá, láìdúró. Ojú 30 ni kámẹ́rà náà ní, tí wọ́n tò sí ọ̀wọ́ 6, márùn-ún márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú márùn-ún yìí ní asẹ́ àwọ̀ tó yàtọ̀ síra, tí orúkọ wọn ń jẹ́ u, g, r, i àti z. Ìràwọ̀ kan á gba abẹ́ wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n ti wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún kó tó jáde lójú kámẹ́rà.

Àlàfo wà láàárín àwọn ọ̀wọ́ náà. Nítorí náà, wọ́n á padà wá ní alẹ́ mìíràn láti ya ohun tó bọ́ sínú àlàfo. Etí àwòrán tuntun á gun orí ti àtijọ́ díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí wàhálà kan ń bọ̀ látibẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel?

Ìlà 1,048,576 ni ojú ìwé Excel kan lè gbà. Nígbà tí SDSS gbé ìtẹ̀jáde keje rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní DR7, ohun tó wà nínú kátálọ́ọ̀gì ti lé ní mílíọ̀nù 350, òpó tó wà lórí ohun kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àyè tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nípa rẹ̀ sí) sì lé ní 400.

Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, fáìlì lásán kì í mọ ibi tí nǹkan wà nínú ara rẹ̀. Tí o bá fẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́wàá péré, ó dìgbà tó bá kà á láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ojoojúmọ́ ni wàá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ náà á sì máa ṣe tirẹ̀.

Ta ló wá mọ bí wọ́n ṣe máa tò ó?

Àwọn méjì tí orúkọ wọn kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Alex Szalay, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, àti Jim Gray ti Microsoft, ẹni tó gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1998 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí dátábéèsì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú tábìlì, tó sì ń yára wá ohun tó wà nínú wọn. Oríṣi dátábéèsì mìíràn tó ń jẹ́ Objectivity ni SDSS kọ́kọ́ lò. Kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sínú SQL Server, dátábéèsì Microsoft.

Ohun tí Gray ṣe ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Kò kọ́kọ́ béèrè bí dátà ṣe pọ̀ tó. Ó ní kí Szalay kọ ìbéèrè 20 tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fẹ́ bi kátálọ́ọ̀gì náà jù wá fún òun. Ọ̀kan nínú wọn ń wá àwọn ohun tó ń rìn, tó lè jẹ́ òkúta òfuurufú. Òmíràn ń wá àwọn ohun tó sún mọ́ra tí àwọ̀ wọn sì bára mu, nítorí ó lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni, tí òòfà ohun ńlá kan tó wà níwájú rẹ̀ sọ di púpọ̀ lójú wa. Orí ìbéèrè wọ̀nyẹn ni wọ́n gbé tábìlì kà. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òpó bíi mélòó kan ni gbogbo èèyàn ń béèrè ṣáá, wọ́n ṣe ẹ̀dà tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ PhotoTag, tó kó kìkì àwọn òpó yẹn, kí kọ̀ǹpútà má baà máa gbé 400 nígbà tí wọ́n béèrè mẹ́ta.

(Oṣù kìíní ọdún 2007 ni Gray nìkan wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde ní San Francisco, a ò sì rí i mọ́ dòní olónìí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá a títí, wọ́n tiẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì wo ojú òkun.)

Kí ló le nínú wíwá ohun tó wà nítòsí ìràwọ̀ kan?

Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lójú ọ̀run, ra (ti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn) àti dec (ti àríwá sí gúúsù), tí wọ́n ń fi dígírì kà. Ra ń yí po láti 0 dé 360. Ìràwọ̀ tó wà ní 359.9 àti èyí tó wà ní 0.1 fara kanra, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà tó ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà, wọ́n jìnnà síra bí nǹkan míì. Bí o bá tún ṣe ń sún mọ́ ìkángun àríwá tàbí gúúsù ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni dígírì ra kan ń kéré sí i.

Wọ́n wá pín ojú ọ̀run, tó dà bí awọ inú bọ́ọ̀lù, sí onígun mẹ́ta 8. Wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 4, wọ́n tún pín ìyẹn náà sí 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé ìpele 20. Ìlànà yìí ń jẹ́ HTM. Nọ́ńbà onígun mẹ́ta kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà onígun mẹ́ta ńlá tí wọ́n ti gé e jáde, nítorí náà àwọn tó wà ládùúgbò kan náà á ní nọ́ńbà tó jọra níbẹ̀rẹ̀. Bí o bá béèrè ohun tó wà nítòsí, kọ̀ǹpútà á yọ àwọn onígun mẹ́ta tó kàn án, á fi ìyókù sílẹ̀.

Àwọn tó ń béèrè irú nǹkan báyìí pọ̀ débi pé wọ́n ti wá ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn: tábìlì Neighbors, tó kọ orúkọ gbogbo ohun méjì tí kò jìnnà síra ju ààbọ̀ ìdá kan nínú ìdá 60 dígírì kan lọ.

Ìràwọ̀ tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ṣé wọ́n á pa ọ̀kan rẹ́ ni?

Rárá o. Méjèèjì ló máa wà. Ọ̀kan á jẹ́ "primary", èkejì á jẹ́ "secondary". Ẹni tó ń ka iye ìràwọ̀ á lo primary nìkan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ka ìràwọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wá ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò á dúpẹ́ pé wọn ò pa èkejì rẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan wọ̀n, SDSS kì í fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, -9999 ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Lọ ṣe ìṣirò àwọ̀ ẹgbẹ̀rún ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ láìyọ ìyẹn kúrò, kí o wá wo èsì tó máa jáde.

Tí wọ́n bá wá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ayé ti ń lò ó?

Wọn kì í yọ́ ọ tún ṣe lábẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀jáde tó bá ti jáde ti di dídì pa. Àtúnṣe á wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ṣẹlẹ̀ sí DR8, tó jáde ní 2011: ibi tí àwọn ohun kan wà ní apá àríwá yẹ̀ díẹ̀. Ó kéré lójú, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin arcsecond kan lọ (3,600 arcsecond ló wà nínú dígírì kan), ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo bí ìràwọ̀ ṣe ń rìn kò lè gbójú fò ó. Wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe nínú DR9 ní 2012. Ẹni tó bá kọ ìwé lórí DR8, ẹlòmíì lè padà lọ bá nọ́ńbà kan náà tó lò kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà lábẹ́ ìwé tí èèyàn ti tẹ̀ jáde, ta ni yóò gba ta ni gbọ́?

Ṣé ìlànà yìí á tó fún àwọn awò tuntun?

Kò ní tó bó ṣe wà. Ilé awò Vera C. Rubin, lórí òkè Cerro Pachón ní Chile, gbé àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà 2025. Nǹkan bí terabyte 20 (gigabyte 1,000 ló wà nínú terabyte kan) ni wọ́n ṣètò pé yóò máa kó lálaalẹ́, fún ọdún 10. Kọ̀ǹpútà kan ò lè gbé e, ni wọ́n bá kọ dátábéèsì tuntun tó ń jẹ́ Qserv. Ó gé ojú ọ̀run sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan mú díẹ̀ lára ti ẹnì kejì rẹ̀ dání, kí ìràwọ̀ tó wà létí ààlà lè rí aládùúgbò rẹ̀.

Èmi tí mo wà nílé, ṣé mo lè bi í ní nǹkan?

O lè bi í, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti 2001 ni SkyServer, ojú ibùdó tí kátálọ́ọ̀gì SDSS wà, ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. O ò nílò láti wa terabyte kan wálé, èyí tí dátà tí à ń rà lórí fóònù kò tiẹ̀ jẹ́ ká dábàá. Ìbéèrè ni wàá fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ náà, èsì nìkan ni yóò padà wá bá ọ. Bí àpẹẹrẹ:

SELECT TOP 10 objID, ra, dec, g, r
FROM Galaxy
WHERE r BETWEEN 15 AND 16

Ohun tó ń sọ ni pé: fún mi ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́wàá tí ìmọ́lẹ̀ wọn ní asẹ́ r wà láàárín 15 sí 16, kí o sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn (objID), ibi tí wọ́n wà àti ìmọ́lẹ̀ wọn ní asẹ́ méjì. Tábìlì Galaxy ti yọ àwọn secondary kúrò fúnra rẹ̀. Má ṣe gbàgbé TOP 10 yẹn nígbà tí o bá ń kọ́ ọ. Tí iṣẹ́ rẹ bá pọ̀, forúkọ sílẹ̀ ní CasJobs: ìbéèrè tó gùn á tò sórí ìlà níbẹ̀ kó má baà dí àwọn tó ń bi ohun kékeré lọ́wọ́, èsì rẹ á sì wọ inú àyè tìrẹ tí wọ́n ń pè ní MyDB, níbi tí o ti lè tún bi èsì náà ní ìbéèrè mìíràn.