Elegantia: Ọ̀rọ̀ Èébú Tó Di Ọ̀rọ̀ Ìyìn

Bí wọ́n bá bi wá pé kí ni elegantia ní èdè Látìnì, “ẹwà èdè” ni ọ̀pọ̀ wa máa dáhùn. Ìdáhùn yẹn kò kúkú burú, ṣùgbọ́n kò dé gbòǹgbò. Inú eligere ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn kéèyàn ṣa nǹkan jáde láàárín òmíràn. Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù, sọ ọ́ gbangba nínú ìwé tó kọ nípa àwọn òrìṣà ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Krístì. Àṣàyàn ni elegantia. Ẹni tó bá ti ṣa ẹ̀wà rí kó tó gbé e kaná á mọ̀ pé òkúta là ń kọ́kọ́ yọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí. Láyé Cato Àgbà, olóṣèlú àti òǹkọ̀wé Róòmù tó kú ní ọdún 149 ṣáájú ìbí Krístì, ẹni tí wọ́n bá pè ní elegans, wọ́n bú u ni. Ìwé tí Cato kọ ọ́ sí ti sọnù, ṣùgbọ́n Aulus Gellius, òǹkọ̀wé Róòmù tó dé lẹ́yìn rẹ̀, da díẹ̀ kọ nínú rẹ̀, níbi tí elegans ti tò sí ìlà kan náà pẹ̀lú àpà àti olójúkòkòrò. Ẹni tó ń ṣa oúnjẹ jẹ, tó ń ṣa aṣọ wọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi yin èèyàn, bí àṣàyàn rẹ̀ bá ṣáà ti mọ níwọ̀n.

Ìwé Rhetorica ad Herennium, tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ló fún ọ̀rọ̀ náà láàyè pàtó nínú ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ní nǹkan bí ọdún 85 ṣáájú ìbí Krístì. Ó ní ọ̀rọ̀ tó péye gbọ́dọ̀ ní elegantia, compositio àti dignitas. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: abẹ́ dignitas ni ọnà èdè wà, abẹ́ compositio sì ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò tẹ̀ léra láìjẹ́ kí fáwẹ̀lì máa kọlu ara wọn. Ohun méjì péré ló kù fún elegantia. Èkíní ni Latinitas, ìmọ́tótó èdè. Àléébù méjì ló ń bà á jẹ́: soloecismus, tí ọ̀rọ̀ kan kò bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ mu, àti barbarismus, tí àléébù wà lára ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èkejì ni explanatio, kí ọ̀rọ̀ yéni yékéyéké. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń lò àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ohun náà gan-an la fi ń ṣe é.

Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, di èyí mú ṣinṣin. Nínú Brutus, ìwé Cicero ti ọdún 46 ṣáájú ìbí Krístì, wọ́n ní Caesar kọ ọ́ pé àṣàyàn ọ̀rọ̀ ni orísun ọ̀rọ̀ dídùn. Ó tún kìlọ̀ pé kéèyàn sá fún ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́ rí bí ẹni sá fún àpáta inú òkun.

Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé Látìnì ará Róòmù, fi ọ̀rọ̀ náà sọ ìwé rẹ̀, Elegantiae, ìpín mẹ́fà, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1471. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àwítúnwí aláràbarà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń tú palẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ìwé kékeré kan lọ́tọ̀ lórí sui àti suus, ọ̀rọ̀ Látìnì tó ń tọ́ka padà sí ẹni tó ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún wa, nítorí àwa náà mọ̀ pé “Olú ní ilé òun jó” yàtọ̀ sí “Olú ní ilé rẹ̀ jó”. Ní Látìnì, bí Petrus bá ta domum suam, ilé ara rẹ̀ ló tà. Bí akọ̀wé bá fi eius, “ti ẹlòmíràn”, síbẹ̀ dípò suam, Petrus ti ta ilé onílé.