Ẹ̀bá Odò Náílì ni ìtànṣán tó ń wo psoriasis ti wá

Tí ẹ bá béèrè ibi tí fífi ìtànṣán wo àrùn awọ ara ti ṣẹ̀, Niels Finsen ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ará Dẹ́ńmáàkì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife tó ń jẹ awọ ojú ló fi àtùpà rẹ̀ wò, kì í ṣe psoriasis, àrùn tí í mú kí awọ ara nípọn, kó pupa, kó sì máa ṣí èépá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní tèmi, ẹ̀bá odò Náílì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ewéko olódòdó funfun wẹ́wẹ́ kan ń hù níbẹ̀, Ammi majus lorúkọ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 13, Ibn al-Baytar kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Berber kan ní Àríwá Áfíríkà ń fi irúgbìn rẹ̀ wo vitiligo, àrùn tí í sọ awọ ara di funfun lápá kan. Aláìsàn á gbé irúgbìn náà mì pẹ̀lú oyin, á ṣí ojú ibi tó funfun sílẹ̀, á wá jókòó sínú oòrùn títí òógùn á fi bò ó. Àṣírí ni wọ́n fi oògùn náà ṣe láàárín ara wọn. Ta ló kọ́kọ́ fura pé irúgbìn àti oòrùn gbọ́dọ̀ pàdé? Bóyá darandaran kan ló rí i pé ẹran tó jẹ ewé náà ń ní egbò bó bá wà lójú oòrùn. Àbá tèmi nìyẹn o, ṣùgbọ́n ewé náà máa ń ṣe ẹran bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn kan á ní vitiligo kì í ṣe psoriasis. Kò burú. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì T tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà sí ara: nínú vitiligo, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀, nínú psoriasis, ó ń ti sẹ́ẹ̀lì awọ láti máa pọ̀ sí i ní ìwàǹwára. Ọ̀tá kan náà ni àwọn Berber yẹn ń bá jà láìmọ̀.

Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n yọ psoralen, èròjà tó ń mú kí ìtànṣán tètè ran awọ, láti inú irúgbìn yìí ní Íjíbítì, dókítà El Mofty sì lò ó fáwọn aláìsàn ní Káírò. Ní 1974, àwọn dókítà Parrish, Fitzpatrick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston fún àwọn tó ní psoriasis ní psoralen kan náà, wọ́n tan UVA, ọ̀kan lára ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, sí wọn lára, wọ́n pè é ní PUVA. Dókítà Goeckerman ti ń fi ọ̀dà èédú àti ìtànṣán wò ó ní Amẹ́ríkà láti 1925, mo mọ̀. Ọ̀dà ń rùn, ó sì ń ba aṣọ jẹ́.

Àwọn dókítà rò pé ṣe ni ìtànṣán kàn ń dá sẹ́ẹ̀lì awọ dúró. Nígbà tó di 1979, cyclosporine, oògùn tó ń ká sẹ́ẹ̀lì T lọ́wọ́ kò, mú psoriasis lọ, ojú wá là pé sẹ́ẹ̀lì T lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé UVB, ìtànṣán oòrùn mìíràn tí ojú kì í rí, ń ba DNA sẹ́ẹ̀lì T inú awọ jẹ́ débi tí sẹ́ẹ̀lì náà á fi pa ara rẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì awọ ṣì ń fara dà á. Sẹ́ẹ̀lì Langerhans, tí í tọ́ka ọ̀tá fún sẹ́ẹ̀lì T, á dín kù. IL-23 àti IL-17, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó ń koná mọ́ àìsàn náà, á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, àtùpà UVB oní-311 nanometer ti gba ipò PUVA lọ́pọ̀ ibi, torí kò nílò oògùn mímu, àti pé PUVA tó bá pẹ́ lára máa ń mú ewu jẹjẹrẹ awọ pọ̀ sí i.